Ẹlẹ́dẹ̀ Tó Wọ Ìbọ̀sẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó dáadáa, kí ẹ̀yin náà fìdí lélẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró sọ.

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti wà ní ìlú Manchester yìí. Àwọn tó kù nílé rò pé òtútù ló kọ́kọ́ bá mi jà. Òtútù bá mi jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n a ti parí ìjà. Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ni pé kò sẹ́ni tó bi mí pé ọmọ ta ni mí. Ní Abẹ́òkúta, bí o bá wọ àdúgbò tí wọn kò ti mọ̀ ọ́, o ò ní rìn jìnnà kí ìyá arúgbó kan tó yọjú lójú fèrèsé: "Ọmọ ta ni ọ́? Agbo ilé wo lo ti wá?" Bí o bá dáhùn, ó lè já sí pé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ni. Bí o kò bá dáhùn, olè ni ọ́. Níbí, postcode, àmì àdírẹ́sì ilé, ni wọ́n ń béèrè. Mo lọ sí báńkì, postcode. Mo lọ sọ́dọ̀ dókítà, postcode. Mo fẹ́ ra bẹ́ẹ̀dì, postcode. Mo wá ń rò ó nínú ọkàn mi pé bí ọlọ́jọ́ bá dé, àfàìmọ̀ kí ó má jẹ́ postcode ni wọn yóò fi sunkún mi.

Ìyàwó mi ló mú wa wá. Nọ́ọ̀sì ni. Èmi tí mo jẹ́ tíṣà nílé, tí àwọn ọmọ máa ń dìde fún bí mo bá wọ kíláàsì, iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ni mo rí. Oldham, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Manchester, ni à ń gbé, nínú ọ̀kan nínú àwọn ilé bíríkì pupa tó fara ti ara wọn bí ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ sọdá títì. Mojísọ́lá, ọmọ wa kan ṣoṣo, pé ọdún mẹ́wàá nígbà tí a dé. Ó ti di mẹ́rìndínlógún báyìí. Ó gbọ́ Yorùbá yékéyéké, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì Manchester ló fi ń dá wa lóhùn, irú Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ pé èmi tíṣà gan-an máa ń ní kó tún un sọ.

Ní ọdún kejì ni ọ́fíìsì rán mi sí Harpurhey, àdúgbò kan ní Manchester, sí ilé bàbá kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù. Fintan Mulroe lorúkọ rẹ̀, ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Ọ̀gá wa ní, "Fintan ni kó o máa pè é. First name là ń pe gbogbo wọn." Mo ní ó dáa. Nínú bọ́ọ̀sì, mo ń fi ẹnu dán an wò: Fintan, Fintan. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, tí mo rí orí funfun àti ojú tó ti ráyé, ahọ́n mi kọ̀ jálẹ̀. Kí n tó mọ̀, mo ti tẹ̀ síwájú, ọwọ́ mi kan kápẹ́ẹ̀tì.

Bàbá wò mí. Àrùn yẹn ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń yọ wọ́n, bí ẹni ń hú ẹ̀pà nínú ilẹ̀ gbígbẹ.

"Kí lo... ń wá... nílẹ̀?"

"Mò ń kí yín ni, sà."

"Fintan... lorúkọ mi."

"Mo mọ̀, sà. Ẹnu mi ni kò gbé e. Ìyá mi ṣì wà láyé. Bí wọ́n bá gbọ́ pé mo pe ẹni tó tó bí mi lọ́mọ lórúkọ, wọn á wọ ọkọ̀ òfuurufú wá gbá mi létí."

"Kí lo wá... fẹ́ máa... pè mí?"

"Bàbá, sà."

"Mi ò... bímọ."

"Èyí tó wà nílẹ̀ níhìn-ín yìí náà ń kọ́, sà?"

Ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí ní ìbéèrè tí mo ti ń retí láti ọjọ́ tí mo ti sọ̀kalẹ̀ sí ìlú yìí. Ó ní, "Ta ni... àwọn èèyàn rẹ?"

Mo gbé ife tíì tí mo ń pò fún un sílẹ̀. Mo fa àga. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí agbo ilé wa, mo sọ ti bàbá mi, mo bọ́ sórí bàbá bàbá mi tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ọ́fíìsì fún mi. Ìran kẹta ni mo wà tó fi pé.

Láti ọjọ́ náà ni a ti mọwọ́ ara wa. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa Ireland, "nílé" ló máa ń wí. Nílé, òjò kì í dá. Nílé, a kì í ṣílẹ̀kùn fún àlejò kí a má fún un ní tíì. Èmi rò pé láìpẹ́ yìí ló kúrò níbẹ̀, àfi ìgbà tí mo bi í pé ọdún wo ló wá sí Manchester.

"Mi ò... wá," ó ní. "Harpurhey... ni wọ́n... bí mi sí."

Bàbá bàbá rẹ̀ ló wá. Òun fúnra rẹ̀ kò lọ sí Ireland ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ. Mo ń ro ọ̀rọ̀ náà nínú tram, ọkọ̀ ojú irin àárín ìlú, lọ sílé. Ìran kẹta, ó ṣì ń pe ibi tí kò gbé rí ní ilé. Mojísọ́lá tó gbé Abẹ́òkúta fún ọdún mẹ́wàá gbáko, "Nigeria" ló ń pè é, bí ẹni ń ka orúkọ rẹ̀ nínú ìròyìn. Kí ni àwọn Mulroe ṣe sí ọmọ wọn tí èmi kò ṣe sí tèmi? Mi ò rí ìdáhùn títí tram fi dé Oldham.

Ó di ọdún tó kọjá, lẹ́tà dé. Àwọn ọmọ Ireland ní ẹgbẹ́ kan níbí. Lọ́dọọdún, nínú oṣù kẹta, wọ́n máa ń se àsè ńlá ní gbọ̀ngàn wọn, ní ọ̀sán Sátidé. Ìdílé kan ni wọ́n ń yàn lọ́dún kan. Àgbà ilé náà á dìde, á sọ bí àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe dé Manchester, gbogbo ilé á wá gbé ife sókè, wọn á pe orúkọ ìdílé náà. Lẹ́tà náà ní ó kan ìdílé Mulroe.

Bàbá ní kí n gbé e sórí pẹpẹ, kí n dojú rẹ̀ kọ ògiri.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé kí àìsàn tó dé, ẹnu bàbá yìí kì í dákẹ́. Àwọn aládùúgbò sọ fún mi pé wọ́n máa ń bẹ̀ ẹ́ kó fún àwọn ẹlòmíì láyè. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àrùn ti kọlù ú, kò tún la ẹnu láwùjọ mọ́. Èmi nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Bí mo bá fi àga onítáyà tì í lọ sí ọjà Harpurhey, tí àwọn tó ń ta èso kí i, orí ló ń mì. Ojú ń tì í pé kí wọ́n má baà gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń já bọ́ lẹ́nu òun.

"Kí wọ́n... fún... ẹlòmíì," ó ní.

"Ta ló kù nínú ìdílé yín tó lè bá yín sọ ọ́, Bàbá?"

Ó na ìka kan sókè. Ó wá yí i padà, ó fi kan àyà ara rẹ̀.

Mo wo ìka yẹn títí. Bí ẹnì kankan kò bá dìde fún Mulroe lọ́dún yìí, kò tún sẹ́ni tí yóò dìde mọ́ láéláé. Ẹnu mi ti sáré ṣáájú mi. Mo ní, "Èmi á dìde, sà."

"Ìwọ? Ìwọ... Mulroe?"

"Nílé wa, sà, àwọn ọmọ ilé kọ́ ló ń ki ọmọ ilé jù. Ìyàwó ilé ni. Ẹni tó ti ìta wá ló máa ń mọ oríkì ilé ju onílé lọ."

Ó rò ó. Ó ní, "Mo ti... fẹ́... ìyàwó... níyẹn," ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. Ó ní kí n yí lẹ́tà náà padà, kó dojú kọ ilé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo pe ìyá mi. Ìyàwó ilé ni àwọn náà, wọ́n mọ oríkì ilé bàbá mi ju bàbá mi tó ti sùn lọ.

"Màámi, ẹ kú àárọ̀ mà. Mo fẹ́ ki ìdílé òyìnbó kan."

"Òyìnbó ní ìdílé?"

"Wọ́n ní, mà."

"Bí mo ṣe ń rí wọn nínú tẹlifíṣọ̀n, tí oníkálukú wọn ń dá jẹun, mo rò pé wọ́n kàn já bọ́ ni. Ó dáa. Kí ni wọn kì í jẹ?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Kí ni iṣẹ́ ìdílé wọn?"

"Mi ò tíì béèrè."

"Kí ni wọ́n ṣe tí aráyé fi ń sọ̀rọ̀ wọn?"

Mo ń wá bírò kiri.

"O wá fẹ́ ki ẹni tí o ò mọ̀. Padà lọ béèrè. Ẹ̀wà mi ń jó."

Bí mo ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn, tí Bàbá di tíṣà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà wá, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí mo bá ń fá irùngbọ̀n rẹ̀, bí mo bá ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un. Iṣẹ́ wọn? Ilẹ̀ gbígbẹ́. Ṣọ́bìrì ni bàbá bàbá rẹ̀ gbé dé. Ó gbẹ́ kòtò páìpù omi láti ẹ̀bá òkè Dobcross wọ àárín ìlú. Kí ni wọn kì í jẹ? Ó kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ le.

"Tọ́nípù."

Tọ́nípù, bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ó dà bí iṣu tí wọ́n dá dé ìdajì tí wọ́n wá gbàgbé. Ọdún àkọ́kọ́ tí bàbá bàbá rẹ̀ dé, gbogbo ìgbà òtútù ni ìyá onílé tó gbà á sílé fi ń bọ́ ọ ní tọ́nípù, láàárọ̀, lálẹ́. Ó búra pé ọmọ òun kan kò ní fẹnu kàn án mọ́. Títí dòní, kò sí Mulroe kan tó jẹ ẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde jó. Èèwọ̀ ni. Èèwọ̀ gidi, ní Harpurhey.

Kí ni aráyé fi ń sọ̀rọ̀ wọn? Èyí, ó fa ohùn sílẹ̀ kó tó sọ ọ́. Bàbá ńlá rẹ̀ tó kù sí Ireland, ní àkókò kan tí ebi mú, ló jí ẹlẹ́dẹ̀ aládùúgbò. Dorrigan lorúkọ àwọn tó ni ẹlẹ́dẹ̀. Òkúta ni wọ́n tẹ́ sójú àgbàlá wọn, pátákò ẹlẹ́dẹ̀ yóò sì dún. Ọkùnrin yìí bá mú ìbọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ìyàwó rẹ̀ fi irun àgùntàn hun, ó wọ̀ wọ́n fún ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó mú un jáde kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú òjò. Ṣùgbọ́n ìbọ̀sẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Níbẹ̀, obìnrin kọ̀ọ̀kan ló ní bí ó ṣe ń hun tirẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, gbogbo abúlé ti mọ ilé tí ẹlẹ́dẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, Mulroe àti Dorrigan kì í jókòó sí tábìlì kan.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo kà á sí Mojísọ́lá létí nígbà tó ń jẹ búrẹ́dì.

"Dad, no," ó ní. "Ẹ ò lè stand up níwájú gbogbo ènìyàn kẹ́ ẹ máa pe family bàbá yẹn ní olè."

Ó jọ ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Mo yọ ẹlẹ́dẹ̀ kúrò. Mo ka èyí tó kù fún Bàbá, inú rẹ̀ dùn. Mo kà á fún ìyá mi lórí fóònù, inú wọn kò dùn.

"Níbo ni àbùkù wọn wà?"

"Mo yọ ọ́ ni, mà. Ọmọ yín ní kò dáa."

"Oríkì tí kò ní àbùkù, ìpolówó ọjà ni. Ṣé ọṣẹ ló fẹ́ tà ni? Kò sí ilé tí kò ní tirẹ̀. Tí a bá fi àbùkù wọn pọ́n wọn lé, a jẹ́ pé a mọ̀ wọ́n, a sì fẹ́ràn wọn bẹ́ẹ̀ náà."

Mo ní mo gbọ́, mà. Ṣùgbọ́n mi ò dá ẹlẹ́dẹ̀ padà. Mojísọ́lá ló mọ òyìnbó jù wá lọ.

Ọjọ́ àsè pé. Mo wọ agbádá àwọ̀ ewé, nítorí mo gbọ́ pé àwọ̀ ewé ni tiwọn. Mo ti Bàbá wọ gbọ̀ngàn. Ìyá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, òun ni alága ẹgbẹ́. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Kathleen ni mí," kò sì fi nǹkan kan kún un. Ó mi orí sí Bàbá. Bàbá náà mi orí padà. Mo rò pé nítorí àìsàn ni.

Wọ́n gbé oúnjẹ wá: ẹran ẹlẹ́dẹ̀, kábéèjì, ọ̀dùnkún, àti òkìtì tọ́nípù kan tí wọ́n lọ̀. Bàbá fi fọ́ọ̀kì ti tọ́nípù sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Èmi náà ti tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyàwó ilé kì í jẹ èèwọ̀ ọkọ.

Wọ́n pe Mulroe. Mo dìde. Ojú gbogbo ilé yí sí mi, wọ́n wo agbádá, wọ́n wo Bàbá, wọ́n tún wo agbádá. Ọwọ́ Bàbá dì mí ní etí aṣọ mú. Mo ní kí wọ́n má bínú, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa ni mo fẹ́ ṣe é. Bí mo bá sọ ọ́ ní Yorùbá tán, màá tú u sí Gẹ̀ẹ́sì.

Ọmọ Mulroe, ọmọ agbẹ́lẹ̀-kọ́mọ-ẹlòmíì-mumi,
Ẹ gbẹ́lẹ̀ gbẹ́lẹ̀, omi dé ilé onílé,
Omi dé ilé onílé, òùngbẹ kò kúrò lọ́fun yín.
Ọmọ a-kì-í-jẹ-tọ́nípù,
Ẹni tó gbé tọ́nípù síwájú yín, ìjà ló ń wá.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan lu tábìlì. Mo wo ìsàlẹ̀, ojú Bàbá ń tàn. Ara mi bá gbóná. Ẹ̀yin tó mọ̀ nípa oríkì, ẹ mọ̀ pé ó dà bí kẹ̀kẹ́ tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè. Ẹni tó ń gùn ún kì í rántí bíréèkì. Mo gbọ́ ohùn ìyá mi lẹ́yìn etí mi. Kí n tó mọ̀:

Ọmọ a-wọ̀bọ̀sẹ̀-fẹ́lẹ́dẹ̀ kó má baà dún lórí òkúta,
Ó mú ẹlẹ́dẹ̀ Dorrigan rìn nínú òjò,
Wọ́n ní ó jí ẹlẹ́dẹ̀ gbé, ó ní òun kò gbé nǹkan kan,
Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi tẹ̀ lé òun délé.

Mo tú u sí Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Ìgbà tí mo tú u tán ni mo gbọ́ bí ilé ṣe dákẹ́. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún fọ́ọ̀kì dúró sójú òfuurufú, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lórí gbogbo wọn. Ọ̀gbẹ́ni tó jókòó lápá ọ̀tún mi na ọrùn sí mi, ó sọ ọ́ sí mi létí pé, "Dorrigan ni bàbá tó bí Kathleen."

Kathleen. First name. Bó bá jẹ́ Abẹ́òkúta ni, ẹnu ọ̀nà ni wọn ì bá ti sọ fún mi pé ọmọ ta ni.

Mo wo Bàbá. Ó ti sorí kọ́, mi ò rí ojú rẹ̀. Mo rò ó pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó kù fún ìdílé yìí láyé, èmi ni mo bà á jẹ́. Kathleen dìde nídìí tábìlì òkè. Ó ń rìn bọ̀, bàtà rẹ̀ ń dún kó, kó, kó, láàárín àwọn tábìlì. Ó dúró níwájú wa. Ó wo èmi, ó wo Bàbá.

"Fintan Mulroe," ó ní, "ní ilé tiwa, ìyá àgbà mi sọ fún wa pé ẹlẹ́dẹ̀ méjì ni."

Mo rí i tí èjìká Bàbá ń mì. Mo kúnlẹ̀ kí n lè wo ojú rẹ̀, mo ti ń wá ohun tí màá fi tọrọ àforíjì. Bàbá gbé orí sókè. Omi wà lójú rẹ̀, ẹ̀rín ló sì ń rín. Ó la ẹnu, láwùjọ, níwájú gbogbo èèyàn tó ti fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún láti ìgbà tí àrùn ti kọlù ú.

"Ọ̀kan," ó ní.

Kathleen ní, "Méjì."

"Ọ̀kan." Ó sinmi. A dúró dè é, gbogbo gbọ̀ngàn. "Ó tún... rù."

Ẹ̀rín tó bú jáde, mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ ní ìlú yìí, ìlú tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín bí ẹni ń ṣọ́ owó iná. Kathleen fa àga, ó jókòó sí tábìlì Mulroe. Bí ó ṣe ń nu ojú rẹ̀, ó mú fọ́ọ̀kì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ tọ́nípù inú àwo Bàbá, láìsọ nǹkan kan. Gbogbo ilé dìde, wọ́n gbé ife sókè, wọ́n pe Mulroe. Bàbá náà pè é. Ó pẹ́ kó tó parí rẹ̀. Wọ́n dúró.

Ní ọjọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, mo ròyìn rẹ̀ fún ìyàwó mi àti Mojísọ́lá nídìí oúnjẹ. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ṣíbí sílẹ̀. Mojísọ́lá kò rín. Ó ń fi ìka tẹ ìrẹsì kan lórí tábìlì.

"Bàbá yẹn, Harpurhey ni wọ́n bí i sí, àbí?" Yorùbá ló fi sọ ọ́.

"Ibẹ̀ ni."

"Ó wá mọ ìbọ̀sẹ̀ tí ẹlẹ́dẹ̀ wọ̀." Ó gbé ìrẹsì náà sínú àwo. "Dádì, àwa ń kọ́? Kí ni àwọn bàbá tiwa jí?"

Mo la ẹnu láti sọ pé àwọn bàbá wa kò jí nǹkan kan, ọmọlúàbí ni wọ́n. Mo rántí ọ̀rọ̀ ọṣẹ. Mo mú fóònù, mo pe Abẹ́òkúta.

"Màámi, ẹ kú ìsinmi mà. Ọmọ yín ní kí n bi yín pé kí ni àwọn bàbá wa jí."

Mo gbọ́ tí ìyá mi ń wọ́ àga.

"Ṣé Mojísọ́lá fúnra rẹ̀ ló béèrè?"

"Òun ni, mà. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

"Fi mí sí spíkà. Sọ fún un kó jókòó dáadáa. Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró sọ."